Ọ̀rọ̀ Franklin lọ́dún 1787: kí ló mú kí ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ fún ìwé òfin Amẹ́ríkà wọni létí?

Òǹkàwé_Ìlọrin

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ ká jọ tú palẹ̀.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹsàn-án ọdún 1787, nílùú Philadelphia, àwọn aṣojú ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ti ń ṣèpàdé láti oṣù karùn-ún kọ ìwé òfin tuntun tán. Ó ku kí wọ́n buwọ́ lù ú. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé inú àwọn kan nínú wọn kò dùn sí i. Benjamin Franklin, ẹni ọdún 81, tó dàgbà jù níbẹ̀, ti kọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Ara rẹ̀ kò gbé ìdúró pẹ́ mọ́, ni James Wilson tí wọ́n jọ ń ṣojú Pennsylvania bá bá a kà á.

Ohun tó fi bẹ̀rẹ̀ ni pé àwọn ibìkan wà nínú ìwé òfin yìí tí òun kò fara mọ́. Ẹ gbọ́ ná. Ẹni tó fẹ́ kí àwọn èèyàn fọwọ́ sí ìwé, òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ pé ìwé náà kò tẹ́ òun lọ́rùn tán. Ó wá ní òun kò lè búra pé òun kò ní padà fara mọ́ ọn, torí pé bí òun ṣe pẹ́ láyé tó, ọ̀pọ̀ ìgbà ni àlàyé tó dáa tàbí ìrònú tó jinlẹ̀ ti mú kí òun yí èrò pa dà lórí ọ̀rọ̀ ńlá. Bí òun ṣe ń dàgbà sí i, bẹ́ẹ̀ ni òun ń ṣiyèméjì sí òye ara òun, tí òun sì ń ka òye ẹlòmíì sí.

Lójú tèmi, ibẹ̀ ló ti mú wọn. Kò gbìyànjú rárá láti fi hàn pé ìwé òfin náà dára. Àwọn tó wà níjokòó ti jiyàn lórí ìyẹn láti oṣù karùn-ún títí ó fi sú wọn. Ìbéèrè mìíràn ló gbé síwájú wọn: báwo ló ṣe dá ìwọ tó ò ń kọ̀ yìí lójú tó pé ìwọ lo tọ̀nà?

Kí ọ̀rọ̀ yẹn má bàa dà bí ìbáwí, ó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ó sọ ti obìnrin Faransé kan tó ń bá ọmọ ìyá rẹ̀ jiyàn, tó ní òun kò mọ bó ṣe ń rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ yàtọ̀ sí òun alára, òun kò tíì pàdé ẹnì kankan tó máa ń tọ̀nà ní gbogbo ìgbà. Ẹni tó bá ti rẹ́rìn-ín sí obìnrin yẹn ti rẹ́rìn-ín sí ara rẹ̀ kó tó mọ̀.

Lẹ́yìn náà ló wá là á mọ́lẹ̀: bí ẹ bá kó èèyàn jọ kí ẹ lè jàǹfààní ọgbọ́n wọn, ẹ ti kó ẹ̀tanú wọn, ìbínú wọn, àṣìṣe wọn, ire ìlú kálukú wọn àti ìmọtara-ẹni-nìkan wọn jọ pẹ̀lú. Ṣé irú àpéjọ bẹ́ẹ̀ lè bí ohun tí kò lábùkù? Ó ní ìyanu ló jẹ́ fún òun pé ìwé náà dáa tó báyìí, àti pé yóò ya àwọn ọ̀tá lẹ́nu, àwọn tó ń retí kí ọ̀rọ̀ àwọn dà rú bíi ti àwọn tó kọ́ ilé ìṣọ́ Bábélì. Ó ní òun fara mọ́ ọn torí òun kò retí èyí tó sàn jù ú lọ, àti torí pé kò dá òun lójú pé kì í ṣe ìwé yìí ló dára jù. Àbùkù tí òun rí, inú ilé yìí ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ni yóò kú sí, ìyẹn ni pé òun kò ní sọ ọ́ síta.

Ó wá bẹ gbogbo ẹni tó ṣì ń kọminú pé kí wọ́n bá òun ṣiyèméjì díẹ̀, lọ́jọ́ yìí, nípa àìlèṣàṣìṣe ara wọn, kí wọ́n sì fi orúkọ wọn sí i.

Èmi kò tíì rí ẹ̀bẹ̀ òṣèlú tí wọ́n fi ọgbọ́n hun tó báyìí. Kí lẹ rí sí i?

Lọ́yà_Kútì_Road

Ẹ kú iṣẹ́, Òǹkàwé. Ẹ ti sọ ti ọ̀rọ̀ náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ti àbá tó gùn lé e, torí àwọn méjèèjì kò ṣeé yà sọ́tọ̀.

Ní kété tí Wilson kà á tán, Franklin dábàá bí wọ́n ṣe máa kọ gbólóhùn tó máa wà lókè ìbuwọ́lù: pé wọ́n ṣe ìwé náà nínú àpérò "pẹ̀lú ìfohùnṣọ̀kan àwọn ìpínlẹ̀ tó wà níkàlẹ̀". Àwọn ìpínlẹ̀, kì í ṣe àwọn èèyàn. Gouverneur Morris, aṣojú Pennsylvania, ló ronú kan gbólóhùn yẹn, wọ́n sì gbé e lé Franklin lọ́wọ́ kó lè níyì létí àwọn èèyàn. Bí ọ̀pọ̀ aṣojú ìpínlẹ̀ kan bá ti gbà, ìpínlẹ̀ náà gbà nìyẹn, bí ẹnì kan nínú wọn tiẹ̀ takú. Ẹni tó bá sì buwọ́ lù ú lè sọ fún ara rẹ̀ pé ẹ̀rí lásán ni òun jẹ́, pé àwọn ìpínlẹ̀ fohùn ṣọ̀kan. Ohun tí William Blount ti North Carolina sọ gan-an nìyẹn: ó ti pinnu pé òun kò ní buwọ́ lù ú, àmọ́ bí wọ́n ṣe kọ gbólóhùn yẹn mú kó ṣeé ṣe fún òun.

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló fẹ́ràn ọgbọ́n yẹn o. Charles Cotesworth Pinckney ti South Carolina ní ọ̀rọ̀ olójú méjì kò lè fa ọ̀pọ̀ èèyàn mọ́ra. Nígbà tí wọ́n dìbò, ìpínlẹ̀ 10 gbà, South Carolina pín sí méjì. New York kò lè dìbò, torí Alexander Hamilton nìkan ló ṣẹ́kù nínú àwọn aṣojú rẹ̀, àwọn méjì yòókù ti bá tiwọn lọ láti oṣù keje. Rhode Island kò tiẹ̀ rán ẹnikẹ́ni wá.

Nítorí náà, bí a bá ń yin ọ̀rọ̀ náà, ká mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ wà níwájú, ilẹ̀kùn tí oníyèméjì lè gbà wọlé láìtijú wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ nìkan kò bá tí mú Blount.

Tèmi_Ò_Yẹ̀

Ẹ̀gbọ́n Òǹkàwé, mo kí yín o, àmọ́ mi ò lè bá yín yin ọ̀rọ̀ yìí tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ohun tó ṣe. Ó sọ àríyànjiyàn lórí òfin di ọ̀rọ̀ ìwà. Ẹni tó bá buwọ́ lù ú ni onírẹ̀lẹ̀, ẹni tó bá kọ̀ ni agbéraga tó dà bí obìnrin Faransé yẹn. Elbridge Gerry ti Massachusetts kò fi bò nínú ilé ọ̀hún: ó ní òun gbà pé òun àti àwọn tí kò fẹ́ buwọ́ lù ú ni Franklin ń ta ọ̀rọ̀ náà sí. Èmi rò pé òótọ́ ló sọ.

Ṣé ìgbéraga ló wá mú George Mason ti Virginia kọ̀? Ẹ̀yìn ìwé òfin tí wọ́n tẹ̀ fún un ló kọ ẹ̀sùn rẹ̀ sí, ohun tó sì fi bẹ̀rẹ̀ ni pé kò sí ìkéde ẹ̀tọ́ ará ìlú níbẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án, ọjọ́ márùn-ún péré ṣáájú ọ̀rọ̀ Franklin, Gerry dábàá pé kí wọ́n yan ìgbìmọ̀ tí yóò kọ ọ́, Mason kín in lẹ́yìn. Kò sí ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo tó gbà. Ó ti rẹ gbogbo wọn, wọ́n fẹ́ lọ sílé.

Ẹni tó ní kí ẹ kọ ẹ̀tọ́ mẹ̀kúnnù sínú ìwé kí ìjọba má bàa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, irú rẹ̀ kọ́ la ń sọ fún pé kó ṣiyèméjì sí ara rẹ̀. Àwọn tó ń kánjú ló yẹ kí wọ́n ṣiyèméjì.

Òǹkàwé_Ìlọrin

Àbúrò mi Tèmi, o sọ̀rọ̀. Ẹ̀sùn Mason wúwo, n kò ní jà ọ́ níyàn lórí ìyẹn.

Àmọ́ tún ọ̀rọ̀ Franklin gbọ́. Kò síbi tó ti sọ pé Mason kò tọ̀nà, kò tiẹ̀ dárúkọ ẹnì kankan. Nígbà tí Edmund Randolph ti Virginia dìde láti tọrọ gáfárà pé òun kò ní lè buwọ́ lù ú, Franklin dá a lóhùn pé nígbà tí òun ń kọ ọ̀rọ̀ náà, òun kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni yóò kọ̀, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Randolph pé òun ló gbé ètò tí gbogbo iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ kalẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ gún èèyàn kì í sọ bẹ́ẹ̀.

Ohun kejì ni pé ohun tó ń sọ ti dé bá òun alára. Ìwé òfin Pennsylvania ti ọdún 1776, èyí tí òun ṣe alága àpérò tó gbé e jáde, ilé aṣòfin kan ṣoṣo ló ní, ìgbìmọ̀ ló sì ń ṣe ìjọba dípò gómìnà kan. Ohun tó fẹ́ràn nìyẹn. Ìwé ti 1787 mú ilé méjì àti ààrẹ kan ṣoṣo wá. Ní oṣù kẹfà, ó dábàá pé kí ẹni tó bá ń ṣàkóso má gba owó oṣù. Wọ́n tẹ́tí sí i torí pé àgbà ni, wọ́n sì fi àbá náà sílẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tó pàdánù báyìí ló wá dìde pé kí gbogbo wa gbà. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè: òun tó jẹ́ àgbà ló kọ́kọ́ fi ti ara rẹ̀ sílẹ̀.

Bó bá jẹ́ ẹni tí ìwé náà tẹ́ lọ́rùn látòkè délẹ̀ ló sọ ọ̀rọ̀ yẹn, ǹ bá ti gbà pẹ̀lú rẹ pé ó kàn fẹ́ pa wọ́n lẹ́nu mọ́ ni.

Baba_Mọ́ńlétè

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ọmọ mi. Ìjíròrò yín dùn mọ́ mi nínú.

Ìwé òfin tí ẹ ń sọ yìí kan àwa náà. Nígbà tí ìjọba Murtala yan ìgbìmọ̀ tó máa kọ ìwé òfin fún Nàìjíríà lọ́dún 1975, èèyàn 50 ni wọ́n pè. Awólọ́wọ̀ kọ̀, ó ní òun kò bá wọn ṣe é, ló fi ku 49. Rótìmí Williams ni alága. Ètò ààrẹ ti Amẹ́ríkà ni wọ́n gbé wá, òun la sì lò láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1979. Nínú àwọn 49 yẹn, àwọn méjì kọ̀ láti fara mọ́ àbọ̀ ìgbìmọ̀: Ṣẹ́gun Ọ̀ṣọbà, onímọ̀ ìtàn ní Ifẹ̀, àti Bala Usman ti Zaria. Wọ́n kọ àbọ̀ tiwọn lọ́tọ̀, torí wọ́n ní èyí tí àwọn yòókù kọ kò ro ti tálákà tó.

Nígbà yẹn, àwọn kan nínú wa kà wọ́n sí alágídí. Ìjọba kò tẹ àbọ̀ wọn jáde pẹ̀lú ti àwọn yòókù. Àmọ́ títí dòní, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣì ń wá a kà.

Ìdí tí mo fi mú un wá ni pé mo fẹ́ bi Òǹkàwé: bí Franklin bá wà láàárín àwọn 49 yẹn, ṣé ohun kan náà ni yóò sọ fún Ọ̀ṣọbà? Pé kó jẹ́ kí àbùkù tó rí kú sínú ilé?

Ọmọ_Ẹ̀pẹ́_Houston

Mo kúnlẹ̀ kí Baba o.

Mo ń gbé Texas, ọmọ mi ń kọ́ nípa ọ̀rọ̀ Franklin nílé ẹ̀kọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi kà á. Ohun tí kò kúrò lọ́kàn mi ni àwọn tí ìfohùnṣọ̀kan yẹn kò kàn. Ìwé tí Franklin ní kí wọ́n buwọ́ lù yẹn ka ẹrú márùn-ún sí èèyàn mẹ́ta tó bá di pé kí wọ́n ṣírò iye aṣojú. Ó ní Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì kò gbọdọ̀ dá kíkó ẹrú wọlé dúró kó tó di ọdún 1808. Ó ní ẹrú tó bá sá lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn, kí wọ́n dá a padà fún ẹni tó ni ín. Ọdún 1787 yẹn kan náà ni Franklin di ààrẹ ẹgbẹ́ tó ń gbógun ti òwò ẹrú ní Pennsylvania.

Nítorí náà, nígbà tó ní "àbùkù tí mo rí, inú ilé yìí ni yóò kú sí", èmi ń bi ara mi pé ṣé èyí wà lára rẹ̀? Nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, kò sọ̀rọ̀ kan nípa ẹrú. Ní oṣù kejì ọdún 1790 ló tó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ sí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì lórí ọ̀rọ̀ oko ẹrú. Wọ́n dá a lóhùn pé ìwé òfin kò fún àwọn lágbára láti dá àwọn ẹrú tó wà ní ìpínlẹ̀ sílẹ̀. Ìwé òfin tó bẹ̀bẹ̀ fún ni wọ́n fi dá a dúró. Oṣù kẹrin ọdún yẹn ló kú.

Ọdún 1808 pé, òfin Amẹ́ríkà ka kíkó ẹrú wọlé léèwọ̀. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú nígbà ogun tó tú Ọ̀yọ́ ká, Bahia àti Kúbà ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ wọn lọ. Síbẹ̀ lọ́dún 1860, ọkọ̀ Clotilda ṣì yọ́ kó èèyàn láti Ouidah wọ Alabama, àwọn tó ń sọ èdè wa wà nínú wọn. Bí mo bá ń ka ọ̀rọ̀ dídùn yẹn, àwọn wọ̀nyí ni mò ń rí.

Òǹkàwé_Ìlọrin

Baba, ẹ ṣé. Ìbéèrè yín le. Èmi gbà pé Franklin ì bá sọ ọ́ fún Ọ̀ṣọbà, Ọ̀ṣọbà ì bá sì kọ̀. N kò sì ní pe èyíkéyìí nínú wọn ní aṣebi.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́, mo ti ka ohun tí ẹ kọ ní àkàtúnkà. Ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ìṣọ̀kan ti yan àwọn tí ìṣọ̀kan náà yóò kó mọ́ra. Ó mọ̀ pé South Carolina àti Georgia kò ní buwọ́ lu ohunkóhun tó bá fọwọ́ kan òwò ẹrú. Nítorí náà ni "àbùkù" fi wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ohun tí kò lórúkọ. Ó yẹ kí ẹnikẹ́ni tó bá ń kọ́ ọmọdé ní ọ̀rọ̀ yìí tún jẹ́ kí wọ́n ka ìwé ẹ̀bẹ̀ ti 1790 pẹ̀lú rẹ̀.

Lọ́yà_Kútì_Road

Lórí "inú ilé yìí ni yóò kú sí", ẹ jẹ́ kí n fi kókó kan kún un. Ìpàdé bòńkẹ́lẹ́ ni ìpàdé Philadelphia, wọ́n sì ti fòfin de sísọ ohun tó ń lọ níbẹ̀ síta. Síbẹ̀, Franklin fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀dà ọ̀rọ̀ yìí. Èyí tó fi ránṣẹ́ sí Nathaniel Gorham ti Massachusetts jáde nínú ìwé ìròyìn Boston Gazette ní oṣù kejìlá ọdún 1787, àwọn ìwé ìròyìn yòókù sì ń dà á kọ.

Ẹ wo ìgbà tó jáde. Wọ́n ti fẹ́ ṣe àpérò Massachusetts lórí bóyá wọ́n máa tẹ́wọ́ gba ìwé òfin náà. Ní ọjọ́ 6 oṣù kejì ọdún 1788, ìbò 187 sí 168 ni wọ́n fi gbà á. Ìbò díẹ̀ péré ló là á. Ẹni tó wà ní Boston, tí ìwé náà kò tẹ́ lọ́rùn, tó wá ka pé Franklin fúnra rẹ̀ kò fara mọ́ gbogbo rẹ̀, ó rí ibi tó lè dúró sí láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Nínú ilé, kò yí àwọn mẹ́ta yẹn lọ́kàn pa dà: Mason, Randolph àti Gerry kò buwọ́ lù ú. Èèyàn 39 ló buwọ́ lù ú. Ìta ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣiṣẹ́.

Tèmi_Ò_Yẹ̀

Lọ́yà, ẹ ti bá mi sọ ọ́ láìmọ̀! Kí ló mú Massachusetts gbà gan-an? John Hancock, gómìnà wọn, gbé àbá kalẹ̀ pé kí wọ́n gba ìwé náà, kí wọ́n sì kọ àtúnṣe tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ lé e. Samuel Adams, tó ti ń ṣiyèméjì tẹ́lẹ̀, kín in lẹ́yìn. Àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn náà wá ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìlérí àtúnṣe ló mú wọn, àtúnṣe yẹn ló sì di ẹ̀tọ́ ará ìlú, àtúnṣe 10 tí wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ lọ́dún 1791. Ohun tí Mason ń béèrè nìyẹn! Bí Mason bá jẹ́ kí àbùkù tó rí kú sínú ilé, taa ló máa béèrè rẹ̀?

Ìyá_Olùkọ́_Ṣàgámù

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ọ̀dọ́. Mo ti ń kà yín bọ̀ láti òkè. Èmi ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama wa ní ìdíje àríyànjiyàn. Bí mo bá ń kọ́ wọn, ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé kí wọ́n kígbe mọ́ ẹnìkejì, "alátakò mi kò mọ nǹkan kan". Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí hàn wọ́n. Apá wo ni kí n mú? Odidi rẹ̀ yóò gùn jù fún wọn.

Òǹkàwé_Ìlọrin

Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ mú, títí dé ibi tí obìnrin Faransé ti sọ̀rọ̀, kí ẹ sì mú gbólóhùn tó gbẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ kíyè sí bó ṣe tò ó. Ó gba ti alátakò kí alátakò tó sọ ọ́. Ó fi ara rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ kó tó kan ẹlòmíì. Ó pa wọ́n lẹ́rìn-ín nígbà tí ọ̀rọ̀ fẹ́ ká wọn lára. Ohun tó wá béèrè níkẹyìn kéré: kò ní kí wọ́n yí èrò pa dà, ó ní kí wọ́n ṣiyèméjì "díẹ̀", kí wọ́n sì buwọ́ lù ú. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń jiyàn ló máa ń béèrè ohun tó pọ̀ jù lẹ́ẹ̀kan náà. Apá ti Bábélì dára, àmọ́ ìhalẹ̀ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, pé bí ẹ bá kọ̀, a ó máa dúńbú ara wa. Ẹ lè fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn tó dàgbà díẹ̀.

Tèmi, mo gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n wo Randolph. Kò buwọ́ lù ú ní Philadelphia. Nígbà tó di oṣù kẹfà 1788 ní àpérò Virginia, ìpínlẹ̀ mẹ́jọ ti gbà, ó wá dìde ti ìwé náà lẹ́yìn, ó ní ọ̀rọ̀ ti di bóyá ìṣọ̀kan yóò wà tàbí kò ní wà. Ìbò 89 sí 79 ni Virginia fi gbà á. Ọ̀nà tí Randolph gbà dé ibẹ̀ jọ ti Franklin: kò sọ pé àbùkù ti tán, ó sọ pé èyí tó wà nílẹ̀ sàn ju kí gbogbo rẹ̀ tú ká lọ. Mason dúró sí tirẹ̀ títí dé òpin. Lójú tèmi, orílẹ̀-èdè yẹn nílò àwọn méjèèjì, ẹni tó buwọ́ lù ú pẹ̀lú àbùkù rẹ̀ àti ẹni tó ń pariwo àbùkù náà. Ọ̀rọ̀ Franklin kò fi bẹ́ẹ̀ fàyè gba ẹnìkejì yẹn, ibẹ̀ sì ni n kò bá a lọ.

Tèmi_Ò_Yẹ̀

Ẹ̀gbọ́n, tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ lẹ dúró sí, a ò jìnnà síra mọ́. Ohun tó kù láàárín wa ni bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ tì í síta. Èmi ṣì rò pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ni.

Ìyá_Olùkọ́_Ṣàgámù

Mo dúpẹ́ gan-an ni. Mo ti rí ohun tí mo máa ṣe. Ọmọ kan yóò sọ ti Franklin, òmíràn yóò dìde gẹ́gẹ́ bíi Mason láti dá a lóhùn. Tèmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ẹ̀sùn Mason sílẹ̀ ní Yorùbá tí ọmọ ọdún 14 lè kà sókè. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la ó bẹ̀rẹ̀.